Ìyá kan bi mí: èló ni kí n mú sílẹ̀ kí ọmọ mi ọdún 17 tó mọ mọ́tò wà?

Ìyá kan tó ń gbé apá Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, bó ṣe kọ ọ́ náà nìyí: “Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 17, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán, kò sí ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ẹ̀ mọ́ ju pé òun fẹ́ kọ́ mọ́tò. Ó ku oṣù 8 kó pé 18. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan tó wà lọ́nà ìsọ̀ mi ní ₦85,000 làwọn máa gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láísẹ́ǹsì sì tún lọ́tọ̀. Àbúrò bàbá ẹ̀ ní ká má fowó ṣòfò, pé òun á fi Corolla òun kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan tún wà ládùúgbò wa tó ní tá a bá ti lè mówó wá, òun á bá a gba láísẹ́ǹsì jáde láìjẹ́ pé ó yọjú síbì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń bínú sí mi, ó ní ọdún 17 lọmọ tòun bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀, pé mò ń fa ọmọ mi sẹ́yìn. Aṣọ ni mò ń tà, ẹ sì mọ bí ọjà ṣe rí. Èló gan-an ni kí n mú sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ni kí n sì gbọ́ nínú wọn?”

Màmá, ẹ kú làálàá ọmọ o. Mo ka ìwé yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ₦85,000 yẹn gan-an ló ń bà yín lẹ́rù. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù ni kẹ́ ẹ san owó yẹn tán kí ọmọ ṣì máa gbọ̀n nídìí sìtíárìn, àbí kẹ́ ẹ má san kọ́bọ̀ kó wá lọ fi mọ́tò àbúrò bàbá ẹ̀ gbá ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀rù gidi ni, ó sì tọ́ kó bà yín. Kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ká kọ́ èèyàn ní mọ́tò ni mo fi ń jẹun nílùú yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, torí náà níbi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tí mò ń gbèjà sùkúù, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ fi làákàyè tiyín wọ̀n ọ́n wò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa sọ fún àbúrò mi tá a jọ jẹ́ ọmọ ìyá náà ni mo fẹ́ sọ fún yín: ẹ má tíì san owó yẹn báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n yín sọ, nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó bá ti pé ọdún 17 lè máa kọ́ mọ́tò lójú títì pẹ̀lú ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, tó bá sì yege ìdánwò wọ́n á fún un ní láísẹ́ǹsì. Òfin tiwọn nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọdún 18 lèèyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó gba láísẹ́ǹsì mọ́tò ara ẹni, kò sí owó tó máa sọ 17 di 18. Torí náà ẹ ò fa ọmọ yín sẹ́yìn rárá. Tẹ́ ẹ bá san owó sùkúù lónìí, ó máa parí ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà á wá jókòó fún oṣù méje láìní ìwé kankan tó lè fi wakọ̀, ọwọ́ tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ mọ́tò kì í pẹ́ tutù. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀ ọ́n wà dáadáa ní January tó jẹ́ pé nígbà tó fi máa di August ńṣe la tún bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sórí kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn òbí ẹ̀ sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀, NIN ni wọ́n fi ń gba láísẹ́ǹsì nísìnyí, ọjọ́ ìbí tó bá wà lórí NIN lẹ̀rọ máa rí, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ bá fẹnu sọ. Ẹ yẹ NIN ọmọ wò ní báyìí tí àyè ṣì wà, kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ bá ti WAEC mu, torí tó bá yàtọ̀, àtúnṣe ẹ̀ ń gba owó, ó sì ń gba àsìkò, inú ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gba láísẹ́ǹsì kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ti ẹni àdúgbò yín tó ní kẹ́ ẹ mówó wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún un. Ohun méjì lèyí tó máa mú wá fún yín lè jẹ́. Ó lè jẹ́ ayédèrú, èyí tí àwọn Road Safety máa fi nọ́ńbà orí ẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá dá ọmọ dúró. Ó sì lè jẹ́ ojúlówó tí wọ́n fi irọ́ gbà, ìyẹn gan-an ló burú jù nínú méjèèjì, torí á máa fọkàn balẹ̀ wakọ̀ lórí ohun tí kò mọ̀. Ìtanràn ẹni tó ń wakọ̀ láìní láísẹ́ǹsì, ₦10,000 ni, àmọ́ ₦10,000 kọ́ ni mò ń wí o, mò ń wí ọjọ́ tí ọlọ́kadà máa ya sọ́nà lójijì níwájú ẹ̀. Ìwé ò lè bá a tẹ bíréèkì. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń sọ pé owó lásán ni Road Safety ń wá, kò sì sí kí wọ́n máà bí èèyàn nínú nígbà míì, àmọ́ ilẹ̀ wa níbí gan-an niṣẹ́ Road Safety ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1977, nígbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí ẹ̀ gbọingbọin, torí mọ́tò ń pa èèyàn jù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá FRSC, ìyẹn àjọ Road Safety yìí, sílẹ̀ lọ́dún 1988, Ṣóyínká kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe alága. Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ yín pé láísẹ́ǹsì ò ju páálí lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè yìí. Ọ̀sẹ̀ kì í kọ́ èèyàn ní mọ́tò, wákàtí tí ọmọ fi jókòó sídìí sìtíárìn ló ń kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, wákàtí kan lójúmọ́, wákàtí 20 nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọmọ yín nìkan ló wà nínú ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá pín ₦85,000 sí ọ̀nà 20, ₦4,250 ni wákàtí kan, kò burú rárá. Àmọ́ tí wọ́n bá kó ọmọ mẹ́ta sínú ọkọ̀ kan náà, tí ọ̀kan ń wà á tí méjì jókòó sẹ́yìn tí wọ́n ń wò ó, wákàtí 20 yẹn ti di wákàtí 6 àti ogójì ìṣẹ́jú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan ti di ₦12,750 lọ́wọ́ yín nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ò lè mọ aṣọ rán nítorí pé ó ń wo ọ̀gá ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mọ́tò yìí. Ibòmíì tún wà tó jẹ́ inú wákàtí ọmọ ni wọ́n á ti lọ ra epo, wọ́n á ti lọ gbé ẹlòmíì nílé, tíṣà á sì tún dúró kí ẹnì kan. Torí náà sùkúù tó gba ₦60,000 lè wọ́n ju èyí tó gba ₦100,000 lọ. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ni pé, wákàtí mélòó lọmọ mi fúnra ẹ̀ máa fi wà á?

Ẹ lè ní kí ló wá dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Epo ló ṣáájú. Kí wọ́n tó kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní May 29, 2023, owó lítà kan ò tó ₦200 nílé epo, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti fò kọjá ₦480, láti ìgbà náà gbogbo ẹni tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ ti mọ ohun tójú ń rí. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn sì tún ń jẹ epo ju ọkọ̀ tó ń rin ìrìn àjò lọ, torí jíà kìíní àti ìkejì ló ń wà ṣáá, á rìn díẹ̀, á dúró, á kú, wọ́n á tún un ṣí. Kílọ́ọ̀ṣì tún wà níbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á gbé ẹsẹ̀ sí ààbọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, á tún máa tẹ iná (ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí mọ́tò tó sáré), ẹ́ńjìnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ, ká tó wí ká tó fọ̀ òórùn jíjóná ti gba inú mọ́tò, ẹni tó bá gbóòórùn yẹn rí kò lè gbàgbé ẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tó yẹ kó lo ọdún lọ́wọ́ awakọ̀ gidi lè má lo oṣù mélòó kan lọ́wọ́ sùkúù, tó bá sì tán, jíàbọ́ọ̀sì ni mẹkáníìkì máa sọ̀ kalẹ̀ kó tó lè pààrọ̀ ẹ̀, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe owó kékeré. Ẹ wá fi owó oṣù tíṣà kún un, àti bíréèkì kejì tí wọ́n rọ sí ọ̀dọ̀ tíṣà, àti pátíkúlà. Mi ò sọ pé kò sí sùkúù tó ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ o, wọ́n wà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá pe owó táṣẹ́rẹ́ fún yín, ó ní ibi tó ti ń gé e, wákàtí ọmọ yín ló sábà máa ń jẹ́.

Ó kan àbúrò bàbá ẹ̀. Ọkùnrin dáadáa ni, kì í ṣe gbogbo ẹbí ló máa fẹ́ yọ̀ǹda mọ́tò. Àmọ́ ọ̀fẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ta ló máa ra epo? Tí bọ́ńpà bá họra lára ògiri ńkọ́, ta ló máa gbé e lọ sọ́dọ̀ páńẹ́bítà? Mo ti rí ilé tí bàbá àti àbúrò ẹ̀ ò bára wọn sọ̀rọ̀ tẹ́rùntẹ́rùn mọ́ nítorí iná ẹ̀yìn mọ́tò tó fọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, torí wọn ò sọ ọ́ síra wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún bi í irú inṣọ́ránsì tó wà lórí Corolla yẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń ra, third party, tí wọ́n sọ di ₦15,000 fún mọ́tò ara ẹni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan ẹlòmíì tí mọ́tò yín bá bà jẹ́ ló wà fún, títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, kò ní tún Corolla fúnra ẹ̀ ṣe. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kankan ló ń wà á nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì lè kọ̀ jálẹ̀ pé kò kan àwọn.

Èyí tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ kí ẹbí kọ́ ọmọ níbẹ̀rẹ̀ ni bíréèkì. Nínú ọkọ̀ wa, ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì tèmi látìgbà tí ọmọ bá ti ṣíná sí mọ́tò. Nínú Corolla, ohùn nìkan ni àbúrò bàbá ẹ̀ ní, á máa pariwo “tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́!”, ọmọ tí jìnnìjìnnì sì ti mú, iná ló máa ń tẹ̀ dípò bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ ni ìjàǹbá inú ọgbà ilé ṣe máa ń ṣẹlẹ̀, tí mọ́tò á gba ara géètì jáde. Gbogbo ìwà tí àgbà ọ̀hún ń hù nídìí mọ́tò lọmọ á sì gbé, tó bá jẹ́ ẹni tí kì í lo tìráfíkétọ̀ kó tó yà, ọmọ náà ò ní lò ó. Àmọ́ mi ò ní kẹ́ ẹ lé e dànù o. Àbúrò bàbá ẹ̀ gan-an lẹni tó máa wúlò jù lápá kejì, nígbà tí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n dúró tó ti mọ̀ ọ́n gbéra, tó wá ku kó máa wà á kó máa wà á kí ara ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni sùkúù ń tà wọ́n jù, lọ́dọ̀ ẹbí, owó epo nìkan ló máa ná yín.

Nǹkan kan tún wà nípa ọmọ tó wà ní 17, 18, tí ẹ̀yin òbí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọwọ́ wọn yá ju ti àgbàlagbà lọ. Ẹni ogójì ọdún á bá jíà jà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ á mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ ni òbí á ti ní “ó ti mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká má sanwó kún un mọ́.” Ojú ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Èmi àti ọmọ kan wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan, à ń bọ̀ láti Òkè-Fìà, à ń lọ sí Ọlá-Ìyá, kọ́rọpẹ́ kan wà níwájú wa. Mo rí ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó na ọwọ́, ó gbé igbá karí, mo rí i tí orí awakọ̀ kọ́rọpẹ́ yẹn yí sápá ọ̀tún. Ó ti dá mi lójú pé á dúró, kò sì ní fi iná kankan hàn. Ọmọ ò dẹ ẹsẹ̀ lórí iná rárá. Èmi ni mo tẹ bíréèkì tèmi, ó ku díẹ̀ ká wọlé sí i lẹ́yìn. Mo bi ọmọ pé kí lo rí, ó ní mọ́tò lòun rí. Kò rí ìyá yẹn, kò rí igbá, kò rí awakọ̀ tó yíjú, ẹ̀yìn kọ́rọpẹ́ nìkan ló ń wò. Ọmọ yẹn kì í ṣe òmùgọ̀ o, bí gbogbo wọn ṣe máa ń rí nìyẹn, wákàtí tó pọ̀ lójú títì gidi nìkan ló máa ń la ojú yẹn, kì í ṣe inú pápá. Òun náà ló fà á tó fi jẹ́ pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ọmọ bá gba láísẹ́ǹsì ló léwu jù, pàápàá tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá kún inú ọkọ̀. Ẹ bá a sọ ọ́ kó tó gba kọ́kọ́rọ́: kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rẹ́ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, fóònù sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn mọ́tò.

Kí n má gbàgbé ojú gan-an, ẹyinjú. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe fún ọmọ tuntun ni pé mo á ní kó dúró síbi tó jìnnà tó mọ́tò mẹ́rin márùn-ún sí ọkọ̀ kan kó ka nọ́ńbà ara ẹ̀ fún mi. Ẹnu máa ń yà yín tẹ́ ẹ bá rí iye ọmọ tó jẹ́ pé ńṣe ló ń fún ojú pọ̀. Wọ́n ti ṣe WAEC tán bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé. Ẹ mú un lọ yẹ ojú wò kẹ́ ẹ tó náwó kankan, tó bá nílò dígí, ó yẹ kí ìyẹn ṣáájú owó sùkúù.

Ó kù kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì àti ọ̀tòmátíìkì. Ọ̀tòmátíìkì rọrùn, wákàtí tó máa gbà kéré, bẹ́ẹ̀ ni owó náà ṣe máa kéré. Tí Corolla àbúrò bàbá ẹ̀ bá jẹ́ ọ̀tòmátíìkì tó sì jẹ́ pé òun nìkan lẹ rò pé ọmọ máa wà ní ọdún mélòó kan sí i, ẹ jẹ́ kó fi ìyẹn kọ́ ọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rò pé ó lè fi ìwakọ̀ ṣe nǹkan lọ́jọ́ iwájú, kó wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, kó wa bọ́ọ̀sì, ẹ fi díẹ̀ kún owó kó kọ́ oníkílọ́ọ̀ṣì. Èmi fúnra mi fẹ́ràn oníkílọ́ọ̀ṣì fún ọmọdé, torí ó ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnì ń sọ, àmọ́ mi ò ní torí ẹ̀ ní kẹ́ ẹ lọ yáwó.

Èló wá ni? Ká ní sùkúù yín ò yí ₦85,000 ẹ̀ padà. Láísẹ́ǹsì, láti August 2024, ₦15,000 ni ti ọdún mẹ́ta, ₦21,000 ni ti ọdún márùn-ún, ẹ gba ti ọdún márùn-ún tọ́wọ́ yín bá ká a, ó dín wàhálà kù. Ẹ wá fi epo kún un. Tí ọmọ bá máa fi wákàtí 20 wa Corolla lẹ́yìn sùkúù, mọ́tò kékeré tó ń rìn tó ń dúró láàárín ìlú máa ń jẹ bíi lítà 2 sí 3 ní wákàtí kan, lítà 40 sí 60 nìyẹn. Ká fi lítà kan sí ₦900, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí iye tí wọ́n bá ń ta á lọ́jọ́ yẹn, ₦36,000 sí ₦54,000. Àpapọ̀ ẹ̀ ń lọ sí bíi ₦142,000 dé ₦160,000. Ẹ fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún pámíìtì, ìyẹn ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, àti fún bọ́ńpà àbúrò bàbá ẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ₦85,000 ò fi bẹ́ẹ̀ ju ààbọ̀ lọ ní tòótọ́, ẹni tó bá sì náwó ẹ̀ tán sórí sùkúù, ibi tó yẹ kí ọmọ ti wá mọ̀ ọ́n gan-an ló máa dá a dúró.

Oṣù 8 tó kù yìí ló dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá dá àjọ ₦20,000 lóṣù, ₦160,000 ti pé kó tó pé 18, ẹ ò sì fọwọ́ kan owó ọjà. Kí ọmọ náà wá nǹkan ṣe kó máa mú díẹ̀ wá níbẹ̀, ọmọ tó bá fi owó ara ẹ̀ sí i máa ń fara balẹ̀ kọ́ ọ ju ẹni tí wọ́n sanwó fún lọ, mo rí i lára wọn dáadáa. Láàárín ìgbà yẹn ẹ má jẹ́ kó jókòó lásán. Kó ra ìwé òfin ojú pópó kó kà á, kó mọ àwọn àmì. Nígbà tó bá jókòó níwájú mọ́tò àbúrò bàbá ẹ̀, kó má tẹ fóònù, kó máa sọ ohun tó ń rí jáde lẹ́nu: ọlọ́kadà ń bọ̀ lọ́tùn-ún, ọmọ iléèwé fẹ́ sọdá, kọ́rọpẹ́ yẹn fẹ́ dúró. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ojú tí mò ń sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló ń là. Kí àbúrò bàbá ẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà, bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ìlì àti omi. Tó bá ti wá pé 18, ẹ lọ bá sùkúù, kó gba pámíìtì, kó gba ìpìlẹ̀ níbẹ̀ àti sátífíkéètì tí wọ́n máa béèrè nígbà tó bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì, kó wá lọ máa fi Corolla mọ́ ara ẹ̀ lára, láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú lọ́nà Abéré tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó wọ Ìgbọ̀nà tàbí Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára mi mọ. Mi ò tíì rí ọmọ yín, mi ò lè jókòó síbí kí n sọ pé wákàtí báyìí ló máa gbà. Àjọ tó ń ṣèdánwò ìwakọ̀ nílùú Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé ẹni tó bá yege lọ́dọ̀ àwọn, tá a bá pín in dọ́gba, ti gba bíi wákàtí 45 lọ́dọ̀ tíṣà, ó sì ti fi 22 míì wà á pẹ̀lú ẹbí. Ìdí tí owó tiwọn fi ń ga nìyẹn, ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín. Níbí kò sí ẹni tó ń rówó irú ẹ̀ san, àmọ́ ẹ rí i pé wákàtí 6 ò lè jẹ́ nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọ míì á ṣe wákàtí 10 lọ́dọ̀ wa, á dúró dáadáa, òmíì á ṣe 25 kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì tèmi, kò sì túmọ̀ sí pé ọpọlọ ẹ̀ kéré. Ẹ má dá ọjọ́ fún un, ẹ má sì fi í wé ọmọ Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ń lọ sí sùkúù tó wà lọ́nà ìsọ̀ yín yẹn, ẹ bi wọ́n bóyá Road Safety mọ̀ wọ́n, kí wọ́n fi ìwé ẹ̀ hàn yín. Ẹ wo ọkọ̀ wọn, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí bíréèkì kejì lápá ọ̀dọ̀ tíṣà. Ẹ bi wọ́n iye ọmọ tó máa wà nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n kọ iye wákàtí tọmọ yín fúnra ẹ̀ máa fi wà á sórí résíìtì. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, ìdajì tó, ẹ san ìyókù tó bá ti lo ìdajì wákàtí ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ní ẹ fẹ́ jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ kìíní. Tíṣà tó bá mọṣẹ́ ẹ̀ ò ní bínú sí ìyẹn, tí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú résíìtì yín kẹ́ ẹ gba owó yín padà, sùkúù míì wà nílùú.